Bí Adélúsì Ṣe Kí Onílé Tí Kò Lọ́rùn

Ẹ̀yin ọmọ Ìkónílé, ọmọ a-tún-òkúta-dé, ọmọ a-rìn-jẹ́jẹ́-lójú-òjò, ẹ fara balẹ̀ kí ẹ gbọ́ bí ilé yín ṣe di ilé. Ìtàn yìí kì í ṣe ìtàn ogun. Àwọn ìlú mìíràn ní akọni tó fi idà gba ilẹ̀, ẹ bá wọn yọ̀. Ẹni tó tẹ ìlú tiwa dó kò pa ẹnikẹ́ni, àfi àwọn tí kò yẹ kó pa, ìtàn náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ parí síbẹ̀.

Ní ìgbà ìwáṣẹ̀, nígbà tí àwọn òkè Arúgbó ti gbó tó bí wọ́n ṣe gbó lónìí, nítorí òkè kì í kánjú, ọba Ìsàlúwà wàjà, ó sì fi ọmọkùnrin méjì sílẹ̀. Adélúsì ni ẹ̀gbọ́n, Adérinlẹ́ ni àbúrò. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n ni oyè tọ́ sí. Àwọn afọbajẹ náà mọ̀ ọ́n. Wọ́n pe àbúrò, wọ́n sì fi í jọba.

Ìdí tí wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀ kò fara sin. Adélúsì ga, ó gún régé, ó ṣeé wò bí òpó ààfin, ṣùgbọ́n ọrùn rẹ̀ kì í tẹ̀. Bí àgbàlagbà bá kí i, á mi orí díẹ̀ bí ẹni tí eṣinṣin bà lé. Àwọn afọbajẹ ní bí a bá dé ẹni tí kì í tẹrí ba ládé, àtẹ́rígbà ni adé náà yóò máa kọlù.

Nígbà tí Adérinlẹ́ gorí oyè tán, gbogbo ìlú dọ̀bálẹ̀ fún un. Adélúsì nìkan ló dúró. Ó ní ẹ̀yìn ń dun òun. Ní ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, ẹ̀yìn náà tún dùn ún. Ẹ̀yìn yìí ní làákàyè púpọ̀: kì í dùn ún lóko, kì í dùn ún níbi ìgbéyàwó, ààfin nìkan ló ti ń mú un. Adérinlẹ́ ní sùúrù, ṣùgbọ́n sùúrù ọba ní ìwọ̀n. Ó ránṣẹ́: "Ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé àyè ẹní wọn wà níwájú mi. Bí wọn kò bá lè wá dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀, kí wọ́n lọ sí ibi tí ẹ̀yìn kò ti ní í dùn wọ́n."

Bí Adélúsì ṣe di ẹrù rẹ̀ nìyẹn. Adébòmí tẹ̀ lé e, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ọmọ ìyá rẹ̀, opó tí ahọ́n rẹ̀ mú ju abẹ lọ. Ọdẹ́yalé, olórí ọdẹ, tẹ̀ lé e. Agbo ilé bíi mélòó kan náà tẹ̀ lé e. Àwọn kan lọ nítorí pé wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. Àwọn kan lọ nítorí pé Ìsàlúwà ni àna wọn ń gbé.

Kí wọ́n tó jáde, wọ́n yà ní ojúbọ òrìṣà ìdílé wọn. Ìyá Àwòrò tó ń tọ́jú ibẹ̀ ti darúgbó débi pé kò mọ ẹni tó wà lórí oyè mọ́, èyí sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣeé gbà gbọ́. Ó bu omi mu, ohùn tí kì í ṣe tirẹ̀ sì gba ẹnu rẹ̀ jáde:

"Ẹ máa lọ, títí ẹ ó fi rí òkè tó ń sunkún láìsí ẹni tó nà án. Ìdí rẹ̀ ni kí ẹ wọ̀ sí. Onílé wà níbẹ̀. Ẹ kí onílé kí ẹ tó sọ ẹrù. Bí ẹ bá lé onílé, òkè yóò dákẹ́ ẹkún, ẹ̀yin ni ẹ ó sì gba ẹkún náà sun."

Adélúsì bèèrè pé, "Báwo ni a ó ṣe dá onílé náà mọ̀?"

Ṣùgbọ́n obìnrin náà ti padà di ara rẹ̀. Ó ní, "Onílé wo?"

Wọ́n rìn títí ẹsẹ̀ wọn fi gbàgbé Ìsàlúwà. Wọ́n kọjá odò, wọ́n kọjá ọ̀dàn, wọ́n kọjá àwọn ìlú tó fún wọn lóúnjẹ àti àwọn ìlú tó fún wọn nímọ̀ràn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n rí àwọn òkè Arúgbó níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn ọ̀kan, bí àwọn àgbà tó jókòó ìpàdé tí wọ́n gbàgbé láti túká. Arúgbó òkè, a-jókòó-má-dìde, àgbà kan ṣoṣo tí kì í bèèrè ohun tí ọmọ mú bọ̀ láti oko. Orí wọn pá, igbó dúdú sì wà láàárín wọn bí irun àyà. Lára èyí tó ga jù, omi ń yọ láti ojú àpáta, ó ń kán tó, tó, tó, sínú adágún kékeré kan nísàlẹ̀. Òjò kò rọ̀. Odò kan kò sí lókè. Àpáta lásán ló ń sunkún.

Ọdẹ́yalé wò ó títí. Ó ní, "Ọmọọba, ta ló na eléyìí?"

Adélúsì ní, "Kò sẹ́ni tó nà án. A ti délé."

Àwọn ènìyàn fẹ́ sọ ẹrù. Adélúsì ní rárá. Ọmọ ààfin ni, ó mọ bí a ti í wọ ilé onílé. Ó tẹ́ ẹní rẹ̀ tó dára jù lọ síwájú òkè, ó gbé obì sínú àwo, ó gbé omi tútù sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ ẹrù títí onílé yóò fi wá jókòó kí a sì kí i. Ó rán Ọdẹ́yalé lọ wá onílé. Gbogbo ìlú dúró, ẹrù ń bẹ lórí wọn.

Ọdẹ́yalé padà dé. Ó ní, "Kò sí èéfín, kò sí ojú ẹsẹ̀ ènìyàn, n kò gbọ́ kí àkùkọ kọ. Àwọn tí mo rí kò wọ aṣọ."

"Ta ni wọ́n?"

"Aláǹgbá."

Wọ́n ń dúró. Lábẹ́ òkúta kan nítòsí, ọ̀pọ̀lọ́ kan yọ jáde, ó sanra, ara rẹ̀ rí gbágungbàgun. Kò wo ọ̀tún, kò wo òsì. Ó rìn wá, ó gun orí ẹní, ó jókòó sí àárín gbùngbùn rẹ̀, ó kọjú sí obì, ọ̀fun rẹ̀ ń lọ sókè sódò.

Adélúsì ní, "Ẹ gbá nǹkan yìí kúrò níbẹ̀, kí onílé má baà wá bá a lórí ìjókòó rẹ̀."

Wọ́n fi ìgbálẹ̀ gbá a kúrò. Ó padà wá, ó jókòó síbi tó jókòó sí tẹ́lẹ̀. Wọ́n tún gbá a. Aláǹgbá kan tó wà lórí àpáta mi orí sí wọn, ó tún mi ín. Adélúsì, tí òun náà mọ orí mímì, kò dáhùn. Lórí ẹ̀ka igi kan, ọ̀gà, ìyẹn alágẹmọ, ti gbéra, ó ń bọ̀ wá síbi ẹní náà, ṣùgbọ́n gbogbo yín ló mọ ìrìn ọ̀gà.

Adébòmí ní, "Àbúrò mi, ẹni tí wọ́n ń gbá yìí dà bí ẹni tó mọ ibi tó ń lọ."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ènìyàn ni à ń retí."

"Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ọrùn àwọn ènìyàn tó wà lẹ́yìn rẹ yìí ti ń wọnú àyà lọ."

Nígbà tí oòrùn yẹ̀ lórí, Adélúsì dìde. Ó ní, "A ti wá onílé, a kò rí i. A tẹ́ ẹní, kò wá jókòó. Ilẹ̀ tí a kò bá ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀, tiwa ni. Ẹ sọ ẹrù." Ẹrù dún lulẹ̀ bí òjò yìnyín. Wọ́n pín obì onílé láàárín ara wọn, wọ́n jẹ ẹ́. Ó ku díẹ̀ kí ọ̀gà dé.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n nílò òkúta fún ìpìlẹ̀ ilé, òkúta sì pọ̀. Kò sí èyí tí wọ́n ṣí tí kò sí ẹnìkan lábẹ́ rẹ̀: ọ̀pọ̀lọ́ níhìn-ín, ọmọńlé lọ́hùn-ún, ejò kékeré tó ká jọ bí ọ̀já. Ẹni tó bá lè sá, ó sá. Ẹni tí kò lè sá, wọ́n pa á, wọ́n sì yin ara wọn pé àwọn ń tún ìlú ṣe. Wọ́n gé igi orí òkè, wọ́n tinábọ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ rẹ̀ láti kọ ebè. Iná náà jó dáadáa. Àkèré inú adágún, wọ́n sè é jẹ. Wọ́n ní ó dùn.

Tẹ́lẹ̀, bí oòrùn bá ti ń wọ̀, kọ̀ǹkọ̀ àti àkèré a máa pariwo níbi adágún débi pé ọmọọba kò lè gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Báyìí, ìrọ̀lẹ́ dé, ibi gbogbo pa rọ́rọ́. Adélúsì ní ìlú ti fara balẹ̀. Ó dùn mọ́ ọn.

Iṣu ọdún àkọ́kọ́ ta. Ní ọdún kejì, eku bẹ̀rẹ̀ sí í bí, wọ́n tún ń bí sí i, nítorí ejò tó máa ń bẹ̀ wọ́n wò ti kú. Wọ́n wọ inú abà, wọ́n jẹ iṣu títí dé orí. Kòkòrò jẹ ilá, ó jẹ ewé ẹ̀wà. Yànmùyánmú ń kọrin sétí ọba tí kò tíì jọba. Òkè pàápàá ti ń sunkún díẹ̀díẹ̀, bí ọmọ tí oorun ń gbé lọ. Kò sí igi mọ́ tó ń ṣíji bò ó, kò sí òkúta àti ewé jíjẹrà mọ́ tó ń mú omi dání fún un. Òjò tó bá rọ̀ á yọ̀ kọjá lórí àpáta gbígbóná, á sì lọ sí ìlú ẹlòmíràn. Nígbà tí ọyẹ́ dé, òkè dákẹ́.

Adágún di ẹrẹ̀, ẹrẹ̀ di ilẹ̀ sísán. Àwọn obìnrin ń rìn lọ sí odò kan tó jìnnà, wọ́n ń gbéra ní àfẹ̀mọ́júmọ́, wọ́n ń dé ní ọ̀sán, ààbọ̀ omi náà ti dà sára wọn. Ẹkún tí òkè dá dúró, àwọn ọmọ ọwọ́ gbà á sun.

Ọ̀rọ̀ dé Ìsàlúwà, nítorí ọ̀rọ̀ burúkú kì í wá ẹni tí yóò gbé e. Ìránṣẹ́ Adérinlẹ́ dé, ó mọ́ tónítóní, ó ti wẹ̀. Ó ní, "Kábíyèsí kí yín. Wọ́n ní omi pọ̀ nílé. Wọ́n ní kí n sọ fún ẹ̀gbọ́n àwọn pé àyè ẹní wọn ṣì wà bó ṣe wà, a ń gbá a lójoojúmọ́."

Lẹ́yìn tí ìránṣẹ́ lọ, Ọdẹ́yalé àti àwọn olórí agbo ilé wá bá Adélúsì. Ọdẹ́yalé ló sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ọmọọba, a fẹ́ràn yín, òùngbẹ sì ń gbẹ wá. Èkejì ti ń borí èkíní. Bí oṣù bá lé tí òkè yìí kò tíì ṣẹ́ omi, à ń padà sílé. Bí ẹ bá fẹ́ dá dúró, a ó bá yín tún òrùlé yín ṣe kí a tó lọ."

Wọn kò pariwo. Ìbá sàn fún un kí wọ́n pariwo. Adélúsì rí ọ̀nà méjì tó kù fún un kedere: kó jókòó ṣe ọba lórí àpáta gbígbẹ láìsí ènìyàn kan, tàbí kó padà lọ fi àyà lélẹ̀ fún ọmọ tí òun pọ̀n sẹ́yìn rí.

Adébòmí ní, "Bí o bá padà, o mọ ohun tó ń dúró dè ọ́."

"Mo mọ̀ ọ́n, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ilẹ̀ ààfin tutù. Ó dára fún ẹ̀yìn dídùn."

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tó kù díẹ̀ kí oṣù lé, Adélúsì dá jókòó sí iwájú àpáta tó dákẹ́ náà. Láti inú ògiri ilé tirẹ̀ gan-an ló ti rí ọ̀pọ̀lọ́ kan tó yọ jáde. Iná ti bó o lẹ́yìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ń wọ́ nílẹ̀. Àwọn bàbá wa ní ọ̀pọ̀lọ́ kì í sáré ọ̀sán lásán. Eléyìí kò tilẹ̀ sáré. Ó ń rìn lọ sókè nínú oòrùn, á rìn díẹ̀, á sinmi, á tún gbéra, kò sì bojú wẹ̀yìn.

Adélúsì mọ ìrìn náà. Ìrìn ẹni tí wọ́n lé kúrò nílé bàbá rẹ̀ ni, tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ojú òun. Òun náà ti rìn ín rí, láti ẹnu odi Ìsàlúwà títí dé ìdí òkè yìí. Kò mọ ìgbà tó dìde. Ó tẹ̀ lé e.

Bí ọ̀pọ̀lọ́ bá dúró, ọmọọba á dúró. Bí ó bá gbéra, ọmọọba á gbéra. Ọdẹ́yalé tó ń pọ́n àdá lẹ́bàá ọ̀nà rí wọn bí wọ́n ti ń lọ, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Ó pe Adébòmí. Obìnrin náà wò wọ́n. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká máa tẹ̀ lé e lọ. Bí ó bá ti ya wèrè, ó yẹ kí ẹbí kọ́kọ́ mọ̀."

Àárín òkè méjì ni ọ̀pọ̀lọ́ náà wọ̀, sínú àfonífojì kan tí iná kò dé. Ìdí tí iná kò fi dé ibẹ̀ ni pé nígbà tí wọ́n ń wá ilẹ̀ oko, Ọdẹ́yalé ni wọ́n rán lọ yẹ ibẹ̀ wò. Ó rí òjòlá kan tó nípọn tó odó, ó sì padà wá jẹ́ iṣẹ́ pé ilẹ̀ ibẹ̀ kò dára fún iṣu. Ní ọjọ́ náà, Ọdẹ́yalé dúró sí ẹnu ọ̀nà. Ó ní òun yóò máa ṣọ́ ẹ̀yìn wọn.

Adélúsì wọlé. Afẹ́fẹ́ tútù fẹ́ sí i lójú bí ìgbà tí wọ́n ṣí ìkòkò àmù. Igi pàdé lókè, oòrùn kò ráyè. Òkúta wà lórí òkúta, ohun aláwọ̀ ewé rírọ̀ bò wọ́n, omi sì ń yọ lára gbogbo wọn, ó ń ṣàn wọnú adágún kan tó mọ́ gaara. Gbogbo wọn ló wà níbẹ̀. Kọ̀ǹkọ̀ wà létí omi. Àkèré tò sórí gbòǹgbò bí ìjòyè. Awọ́nríwọ́n na ara gbọọrọ sórí ẹ̀ka kan, ahun ń jẹ olú, òjòlá ká jọ sórí àpáta bí ẹrù tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn ìrìn àjò gígùn. Àwọn tí iná lé àti àwọn tí òkúta wọn di ìpìlẹ̀ ilé, ibẹ̀ ni wọ́n sá wá. Adélúsì dàgbà sí ààfin, ó mọ ààfin nígbà tó bá rí i. Ó sì mọ ẹni tó jẹ́ àlejò níbẹ̀.

Ọ̀pọ̀lọ́ tí Adélúsì tẹ̀ lé gun orí òkúta kan, ó yí padà, ó jókòó, ó kọjú sí i. Ọ̀fun rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni èyí tó jókòó sórí ẹní ṣe kọjú sí obì ní ọjọ́ tí wọ́n dé. Adélúsì rí ìgbálẹ̀ náà lójú ara rẹ̀. Ojú tì í débi pé etí rẹ̀ gbóná.

Nígbà náà ni ọrùn tí àwọn afọbajẹ ń sọ tẹ̀. Ẹ̀yìn tẹ̀ lé e. Adélúsì ọmọ ọba Ìsàlúwà, òpó ààfin, dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ẹrẹ̀, ó fi àyà gbalẹ̀, ó fi àgbọ̀n gbalẹ̀, níwájú ọ̀pọ̀lọ́ tí ẹ̀yìn rẹ̀ bó.

Adébòmí, tó dúró sẹ́yìn rẹ̀, wò ó jẹ́jẹ́. Ó ní, "Ẹ̀yìn yẹn ti sàn."

Ilẹ̀ ni Adélúsì ń bá sọ̀rọ̀. Ó ní, "Onílé, ẹ má bínú. Ẹ jókòó sórí ẹní tí mo tẹ́ fún yín, mo ní kí wọ́n gbá yín dànù. A jẹ obì yín, a sun ilé yín, a pa àwọn ọmọ yín. Èmi náà, wọ́n ti lé mi nílé bàbá mi rí. Ó yẹ kí n mọ̀. Ẹ fún wa láyè díẹ̀ lẹ́sẹ̀ yín. Èyí tí a bàjẹ́, a ó tún un ṣe."

Àwọn àgbà kan máa ń sọ pé ọ̀pọ̀lọ́ náà fèsì. Kò fèsì. Ó pajú lẹ́ẹ̀kan, ó sì bọ́ sínú omi.

Nígbà tí wọ́n ń jáde, Adélúsì rí i pé omi tín-ínrín kan ń gba abẹ́ àpáta jáde sí ẹnu àfonífojì náà. Kò tó wẹ̀, ṣùgbọ́n ó tó mu. Ó pe gbogbo ìlú jọ síbẹ̀, ẹrẹ̀ ṣì wà láyà rẹ̀. Ó ní, "Inú lọ́hùn-ún ni ìyẹ̀wù onílé. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́. Ẹnu ọ̀nà ni àlejò ti ń gbomi. Ẹ fún mi láyè di ọyẹ́ tó ń bọ̀. Bí òkè kò bá sunkún nígbà náà, èmi fúnra mi ni n ó ṣíwájú yín lọ sí Ìsàlúwà, n ó sì dọ̀bálẹ̀. Mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é."

Wọ́n wo ẹrẹ̀ tó wà láyà rẹ̀. Àwọn kan lọ sílé, wọ́n di ẹrù, wọ́n padà sọ́dọ̀ àna wọn. Àwọn tó pọ̀ jù dúró.

Ilé tirẹ̀ ni Adélúsì kọ́kọ́ wó, nítorí ibẹ̀ ni òkúta tó tóbi jù wà. Wọ́n ń kó òkúta padà sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, wọ́n ń tún un dé bó ṣe wà, ojú tútù nísàlẹ̀, ojú oòrùn lókè. Ìjà sì pọ̀ níbẹ̀.

"Ojú yìí ló wà lókè."

"Irọ́ ni. Èmi ni mo gbé e, ṣé o wà níbẹ̀ ni?"

Adébòmí bá wọn dá a. Ó ní, "Kí ẹ dúró de ẹni tó ń gbé abẹ́ rẹ̀. Èyí tí ó bá wọ̀, òun náà ni." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe. Ẹ̀gbẹ́ tí ọmọńlé kò bá wọ̀, wọ́n á yí i padà.

Wọ́n fi orí òkè sílẹ̀ kó hu igbó. Wọ́n kọ́ ilé amọ̀. Wọ́n pa iná dídá léèwọ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, wọ́n sì kó ebè wọn sọ̀ sí ilẹ̀ pẹrẹsẹ. Láàárín èyí ni ìránṣẹ́ Adérinlẹ́ tún dé. Ó ní Kábíyèsí gbọ́ pé ẹ̀gbọ́n àwọn dọ̀bálẹ̀ fún ọ̀pọ̀lọ́, wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Adélúsì ní, "Òótọ́ ni. Onílé ni mo kí. Ẹ sọ fún un pé ọjọ́ tí omi bá ń yọ lára òun náà, mo ń bọ̀."

Òjò àkọ́rọ̀ dé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, àwọn tó wà nínú Ìyẹ̀wù bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ lọ sí adágún ìsàlẹ̀ láti lọ yé ẹyin, bí wọ́n ti ń ṣe kí ọmọ ọba kankan tó dé. Wọ́n pọ̀ débi pé ilẹ̀ ń rìn. Ọ̀nà oko ni wọ́n gbà kọjá. Adélúsì já màrìwò, ó fi dí ọ̀nà náà, ó sì dúró níwájú rẹ̀ nínú òjò, apá rẹ̀ méjèèjì nínà, títí èyí tó kẹ́yìn fi kọjá. Àwọn àgbẹ̀ dúró tọkọ́tọkọ́ lódì kejì, wọ́n tutù nini. Kò sí ẹni tó bèèrè ìdí.

Ọyẹ́ dé, ètè là, ewé rọ. Lójoojúmọ́ ni Adélúsì ń lọ wo ojú àpáta. Ó gbẹ. Ó tún lọ, ó gbẹ. Àwọn olórí agbo ilé ti ń wo ẹrù wọn bí ẹni tó fẹ́ gbé e. Ní òwúrọ̀ kan, ó rí àmì dúdú kan lára òkè, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ó gbé ọwọ́ lé e. Ó tutù. Kó tó di ọ̀sán, ó ti kán, tó. Wọ́n dúró dè é. Ó tún kán. Òkè sunkún. Adélúsì ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, kò sì sí ẹni tó wo ibi tó wà. Adébòmí ló kọ́kọ́ gbé igbá dé.

Ibẹ̀ ni wọ́n ti fi í jọba. Wọ́n pe ìlú náà ní Ìkónílé, nítorí pé kíkí onílé ló mú un dúró, wọ́n sì pe ọba rẹ̀ ní Oníkónílé. Wọ́n kì í pé: Adélúsì, a-gùn-bí-òpó-tẹ̀-bí-ọ̀pẹ, ọmọ a-dọ̀bálẹ̀-fún-ẹni-tí-kò-lọ́rùn. Ó kọ́kọ́ bínú sí oríkì náà. Nígbà tó darúgbó, bí arọ́kin bá fò ó, á ní kó padà sẹ́yìn.

Títí di òní, ọmọ Ìkónílé kì í jẹ àkèré. Ìyàwó tó bá ti òkèèrè wá tó sè é, a kì í bá a jà. A ó gbé ìkòkò náà sin, a ó ra ẹran fún un. Ẹni tó bá ṣí òkúta lórí òkè gbọ́dọ̀ kí kó tó ṣí i, kó sì tún un dé. Àwọn ọmọ Ọdẹ́yalé ló ń ṣọ́ ẹnu Ìyẹ̀wù, wọ́n sì ń ṣọ́ ọ láti òde, gẹ́gẹ́ bí bàbá wọn ti fi lélẹ̀. Ọba tí a bá fẹ́ fi jẹ yóò lọ dọ̀bálẹ̀ sí ẹnu Ìyẹ̀wù, kò sì gbọdọ̀ dìde títí ọ̀pọ̀lọ́ kan yóò fi jáde wá wò ó. Ọba kan wà tí ìkánjú mú jẹ nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Wọ́n ní wọ́n gbé oúnjẹ lọ bá a níbẹ̀. Láti ìgbà náà, àkókò òjò ni a ń jọba.

Èyí tí àlejò máa ń kọ́kọ́ rí ni ti màrìwò. Ọ̀nà oko àtijọ́ ti di títì, ọkọ̀ ńlá ń gbà á. Síbẹ̀, bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, màrìwò á na láti etí kan dé èkejì, obìnrin àgbà kan láti ilé Adébòmí á sì gbé àpótí jókòó síwájú rẹ̀. Ní ọdún tó kọjá, awakọ̀ kan tó kó tòmátì dé ibẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ó sọ̀ kalẹ̀.

"Ìyá, ẹ kú ìjókòó. Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú. Ẹ pa ọkọ̀ yín, ọmọ mi, ariwo rẹ̀ ń dí wọn lọ́wọ́."

"Ìyá, tòmátì ni mo kó. Yóò bàjẹ́."

"Mo rí i. Ẹ wá jókòó."

Ó pa ọkọ̀. Ó jókòó sétí títì, ó ń kùn nínú. Nínú òjò wínniwínni ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá níwájú rẹ̀, ńlá, kékeré, èyí tó gbé èkejì pọ̀n. Ọ̀kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà rẹ̀, bàtà náà sì dí i lọ́nà. Awakọ̀ náà wo ọ̀pọ̀lọ́, ọ̀pọ̀lọ́ wò ó.

Ó fa ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn.